Fíìmù Òmìnira Wa Ló Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Rùkáyátù

Bí ẹ bá pàdé mi ní Kétu tàbí ní Ogudu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí mi kú oríire. Ẹni tó bá tún kí mi kú oríire ẹ̀bùn yẹn, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fa wàhálà.

Kí n tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, mo kà á sí etí obìnrin tó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí fóònù ẹlòmíràn. Ó ní kí n pààrọ̀ gbogbo orúkọ, mo pààrọ̀ wọn. Ó ní kí n yọ ohun méjì kúrò, mo yọ wọ́n. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀yin ṣe, ẹ má yọ ìyẹn o." N kò yọ ọ́.

Ẹ pè mí ní Lará. Àdúgbò Anthony ní Èkó ni wọ́n bí mi sí, inú ẹ̀sìtéètì tó ní géètì àti ọlọ́dẹ ni mo dàgbà sí. Mo ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní Ogudu GRA, Desmond lorúkọ rẹ̀. Fíìmù ìtàn òtítọ́ ni à ń ṣe, irú èyí tí kò ní òṣèré nínú. Ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ni yóò jókòó síwájú kámẹ́rà, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Desmond kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bá mi sọ. Èmi ni mo ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní Yorùbá fún yín níbí. Ní ibi iṣẹ́, èmi ni etí rẹ̀. Èmi náà ni mo ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán.

Rùkáyátù ni onídìrí mi, ní ṣọ́ọ̀bù Cecilia ní Kétu. Bí ẹ bá jókòó sáàárín orúnkún ènìyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí ẹ kò ní sọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, àti pé àwọn ará ilé ọkọ, ọmọ Ìgbòho tí wọ́n ti pẹ́ ní Èkó, fẹ́ kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó. Ràímì ni àbúrò ọkọ yìí. Ó ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó tòmátì wọ ọjà Mile 12.

"Kí lẹ wá sọ fún wọn, Mummy Bàṣírá?" mo bi í.

"Mo ní mi ò ṣe. Aunty Lará, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Kóró-Iṣin nígbà tí mo wọlé ọkọ. Èmi ni mò ń fọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀. Tí ibà bá mú un, àyà mi ló ń sùn sí. Ọmọ tí mo tọ́, òun ni wọ́n ní kí n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè?"

"Ta ni Kóró-Iṣin?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ràímì náà ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ Anthony ò mọ̀yẹn. Ó dúdú, ó sì ń dán, ni mo bá sọ ọ́ ní Kóró-Iṣin. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Tó bá gbọ́ ọ nínú ọjà, á ti mọ̀ pé èmi ni."

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Àwọn àna rẹ̀ kò lù ú, wọn kò fi ebi pa á. Wọ́n kàn sọ fún un pé bí kò bá fẹ́ Ràímì, kó máa lọ, ṣùgbọ́n Bàṣírá, ọmọ rẹ̀, kò ní tẹ̀lé e, nítorí ilé bàbá ni ọmọ ń gbé. Ràímì ló ń gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé. Bí ó bá rìnrìn àjò, ìyá Ràímì ló ń mú un lọ. Ìyá náà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì.

Rùkáyátù ti ní ètò tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé ìparí ọdún, yóò tọrọ àyè pé kí ọmọ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, àwọn méjèèjì kò sì ní padà. Kó tó dìgbà náà, ó ń bá gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún wọn pé òun ṣì ń rò ó. Bàṣírá nìkan ló ní láyé, nítorí rẹ̀ ló ṣe ń ṣe gbogbo sùúrù yẹn.

Èmi ni mo gbé ìtàn yìí lọ bá Desmond. Ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Àjọ kan wà láti òkè òkun tó máa ń fún fíìmù ìtàn òtítọ́ ní ẹ̀bùn, fún èyí tó bá gbé òmìnira àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ga jù lọ. Desmond ti ń lé ẹ̀bùn náà tipẹ́. Fíìmù nípa àwọn opó ló wà lọ́wọ́ wa lọ́dún yẹn, kò sì dùn. Àwọn agbẹjọ́rò ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ ti Rùkáyátù, ó dìde lórí àga.

"Lará, bá mi mú obìnrin yẹn wá. Ohunkóhun tó bá fẹ́."

Mo lọ bẹ Rùkáyátù. Ó kọ̀. Mo padà lọ, ó tún kọ̀. Mo wá fi ẹnu dídùn sí i, irú ẹnu tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Wọn ò ní rí ojú yín. A máa yí ohùn yín padà. Orúkọ kankan ò ní sí níbẹ̀. Mummy Bàṣírá, ẹ ro ti àwọn obìnrin tó wà nínú irú ẹ̀ tí wọn ò rẹ́ni bá wọn sọ ọ́."

Ó ní, "Nítorí yín ni màá fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jáde kí n tó gbé ọmọ mi kúrò. Kí ẹ sì tó fi han ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Èmi ni mo mọ ilé tí mò ń gbé."

"Mo ṣèlérí fún yín."

Ọ́fíìsì wa ní Ogudu ni a ti yà á. Ó sọ nílé pé òun fẹ́ lọ dirun fún ìyàwó ojú ọ̀nà. Desmond gbé iná sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi jẹ́ pé òjìji rẹ̀ nìkan là ń rí, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ó kọ́kọ́ ń fọ̀rọ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ràímì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ràímì jókòó síwájú rẹ̀.

"Kóró-Iṣin, ṣé o ti gbàgbé? Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ nà ẹ́, ẹ̀yìn ta lo sá sí? Ẹ̀yìn mi ni. Kóró-Iṣin, ọmọ ń fẹ́ ìyá ẹ̀ ni?"

Desmond kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó sì ń sunkún. Èmi tí mo gbọ́ ọ, mo gbé kámẹ́rà kejì sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí fíìmù lọ bá àwọn adájọ́ ẹ̀bùn náà ni Desmond ní kí n jókòó.

"Lará, mi ò ní fi orúkọ ẹ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó gbé iná. Èmi àti ìwọ la jọ darí fíìmù yìí. Orúkọ wa máa wà lójú kan náà."

Inú mi dùn gan-an. Àwọn tó bá gba ẹ̀bùn yìí, àjọ náà máa ń mú wọn lọ kọ́ṣẹ́ sí i lókè òkun. Mummy mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n má bi mí pé, "Iṣẹ́ gbé kámẹ́rà káàkiri yìí, ìgbà wo ló máa di iṣẹ́ gidi?" Mo ti rí ìdáhùn tí màá fún wọn.

Desmond ní, "Ṣé gbogbo orúkọ ti jáde?"

"Gbogbo ẹ̀ ti jáde." Lóòótọ́, mo ti yọ Bàṣírá, mo ti yọ Kétu, mo ti yọ Ìgbòho àti Ìbàdàn.

"Èyí tó ń pè léraléra yìí ńkọ́? Koro kí ni?"

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó ti ẹnu mi jáde: orúkọ ni, ẹ yọ ọ́.

"Kì í ṣe orúkọ," mo ní. "Kóró èso kan ni. Ó kàn ń sọ pé ọmọ náà dúdú."

"Ó dùn létí. Má yọ ọ́."

N kò parọ́ fún un, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù. Èso ni iṣin. Ràímì sì dúdú. Mo fi òótọ́ kékeré bo òótọ́ ńlá mọ́lẹ̀, bí ọmọ tó jẹ ẹran tán tó wá ń búra pé òun kò fọwọ́ kan ọbẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí o kò jẹ́ kí Rùkáyátù gbọ́ ọ bí o ṣe ṣèlérí? Mo mọ̀ pé tó bá gbọ́ ọ, yóò ní kí a yọ ibẹ̀ yẹn. Tí a bá sì yọ ibẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó kù nínú fíìmù náà tó lè mú adájọ́ kankan sunkún. Kò sí àlàyé mìíràn. Ẹ má bá mi wá a.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pín ẹ̀bùn, ta ni mo lọ bá kó dirun fún mi? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ojú mi le tó bẹ́ẹ̀.

"Aunty Lará, òde wo lẹ fẹ́ lọ tí ẹ ní kí n di í wínníwínní báyìí?"

"Ti ibi iṣẹ́ ni."

"Fíìmù wa ńkọ́? Ìgbà wo ni màá gbọ́ ọ?"

"A ò tíì parí ẹ̀, Mummy Bàṣírá."

"Kò burú. Ó ti ku díẹ̀ kí wọ́n gba ọlidé. Bàṣírá ti ń to àwọn ìwé ẹ̀ pọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí ìyá àgbà rí i. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jáde kó tó dìgbà yẹn o."

"Kò lè jáde."

Ó fi òróró pa mí lórí, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òde náà dára fún mi. Mo ṣe àmín. Àmín tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ẹni tó gbọ́ ọ.

A gba ẹ̀bùn náà. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni wọ́n ti pín in, wọ́n sì pe orúkọ mi pọ̀ mọ́ ti Desmond. Ọkùnrin kan láti àjọ náà gun orí pèpéle, ó ní fíìmù yìí ti fún obìnrin tí kò lẹ́nu ní ẹnu, ó ti ṣí ilẹ̀kùn òmìnira fún un. Obìnrin tí ó ń sọ yìí, wọ́n ti ti géètì mọ́ ọn ní Kétu ní àkókò tó ń sọ̀rọ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mummy mi ń fi ìdí ìró nu ojú.

Wọ́n wá fi ìṣẹ́jú méjì hàn nínú fíìmù náà lójú pátákó ńlá. Desmond ló mú ibi tí wọ́n fi hàn, ibi tó dùn jù ló sì mú. "Kóró-Iṣin, ṣé o ti gbàgbé?" bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri gbọ̀ngàn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àjọ náà ti gbé ìṣẹ́jú méjì yẹn sórí ìkànnì wọn fún gbogbo ayé.

Mo pe Desmond. "Àdéhùn wa ni pé kò ní jáde kí ilé ìwé tó gba ọlidé."

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni, Lará. Òjìji ni. Ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

Ó yẹ kí n bá a jà nígbà náà. N kò bá a jà. Mo padà sídìí fóònù mi, mo ń dá àwọn tó ń kí mi lóhùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Cecilia fi pè mí láàárọ̀. "Aunty Lará, ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù o. Wàhálà ti dé. E don burst."

Nígbà tí mo wọlé, Rùkáyátù jókòó sórí àpótí ní kọ̀rọ̀, kò wojú mi. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi.

"Ẹ jókòó, Aunty," Ràímì ní. "Ẹ̀yin lẹ ń ṣe sinimá. Ẹ wá bá mi wò ó."

Ó gbé fóònù náà sí mi lójú.

"Ojú yẹn, òkùnkùn ni. Ohùn yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di ti ọkùnrin. Iṣẹ́ yín dáa, mi ò ní purọ́. Ẹ wá gbọ́ ibí yìí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kóró-Iṣin. Ó tún un tẹ̀. Kóró-Iṣin.

"Ta lẹ mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Aunty?"

Mo yí ojú kúrò lára fóònù náà.

"Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Ẹnì kan gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àsàlátù wọn. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Kóró-Iṣin nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, 'Ràímì, ìyàwó wa ló ń sunkún nínú fóònù yìí. Kí la fi ṣe é?' Ìyá àgbàlagbà o, ojú tì wọ́n láàárín ẹgbẹ́ wọn!"

"Brother Ràímì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni, ẹ jẹ́ ká..."

"Ẹ má pè mí ní Brother!" Ó fọwọ́ gbá tábìlì, ìyarun àti sisọ́ọ̀sì dà sílẹ̀. "Ẹ pè mí ní ìkà fún gbogbo ayé. Ṣé mo nà án rí? Mummy Bàṣírá, ṣé mo gbọ́wọ́ sókè sí yín rí?"

Rùkáyátù mi orí pé rárá.

"Ẹni tó bá lè sọ irú èyí fún òyìnbó, ó ti ń palẹ̀ mọ́ àtisá lọ. Ṣé ẹ rò pé mo gọ̀ ni? Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sókè, mo bá gbogbo ìwé ẹ̀ níbẹ̀, ó ti dì wọ́n."

"Bàṣírá dà?" mo bi í.

"Òun àti Màámi ti wọ mọ́tò Ìgbòho láti ìdájí. Ilé bàbá ẹ̀ ló lọ. Ṣé ìyẹn náà lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yín? Tí ìyá ẹ̀ bá fẹ́ rí i, ó mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀."

Ó jáde. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì í. Ọkùnrin tó fi ọmọ dọdẹ ìyá, n kò ní bá a wá àwáwí, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ì bá gbà mọ̀ bí kì í bá ṣe tèmi.

Rùkáyátù wá wojú mi.

"Aunty Lará, ẹ ní ẹ máa jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

"Mummy Bàṣírá..."

"Ọjọ́ tí mò ń di irun tó wà lórí yín yẹn, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín?"

"Ó ti lọ bá àwọn adájọ́."

"Tí mo sì ń gbàdúrà fún yín." Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irun tó wà nílẹ̀. "Ẹ dìde lórí àga yẹn. Kọ́sítọ́mà ń bọ̀."

Láti ibẹ̀, Ogudu ni mo gbà lọ tààrà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Desmond. Mo ní kí ó pe àjọ náà, kí wọ́n mú ìṣẹ́jú méjì yẹn kúrò lórí ìkànnì wọn.

"Màá pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti jáde ná, Lará. Ta ló lè kó o padà lórí fóònù àwọn èèyàn?" Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí tí nǹkan bá sọ sí i lọ́kàn. "Ìgbòho yìí, báwo ló ṣe jìnnà tó? Tí a bá bá ìyá náà lọ, tí a yà á bó ṣe ń wá ọmọ ẹ̀..."

N kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ṣé orí ẹ pé?" mo ké mọ́ ọn. Ọ̀gá mi ni, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ èèyàn ni wọ́n gbé lọ! O tún fẹ́ lọ yà á?"

"Lará, fara balẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé kì í ṣe orúkọ."

Ẹ̀bùn náà wà lórí tábìlì rẹ̀, ère ọwọ́ kan tí wọ́n fi dígí ṣe, ó ń nà sókè. Mo fẹ́ gbé e, kí n là á mọ́ ògiri. N kò gbé e. Ohun tó sọ yẹn ti so mí lọ́wọ́, nítorí òótọ́ ni.

Mo wá agbẹjọ́rò obìnrin kan ní Ìkòsì, mo mú un lọ bá Rùkáyátù ní ṣọ́ọ̀bù. Agbẹjọ́rò ní òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, pé kò sílé ẹjọ́ tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá báyìí, kó kàn ní sùúrù. Rùkáyátù gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ṣeun, Mà. Òfin wà lẹ́yìn mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi pè mí lánàá, ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi níbẹ̀, wọ́n sì ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹ máa bá òfin bọ̀ lẹ́yìn. Èmi fẹ́ ọmọ mi."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì òun àti Ràímì. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé Bàṣírá dé.

Obìnrin tó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ̀, tó fi ẹ̀rín tan ilé odidi, tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó bọ́, òun ni a fi fíìmù òmìnira tì padà sínú ilé tí ó ń sá fún. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, Ràímì kò gbà. Cecilia máa ń lọ kí i nílé. Fóònù Cecilia ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo bi Cecilia pé kí ló ń pe Ràímì báyìí.

"Kóró-Iṣin kẹ̀? Láéláé. Kò pè é ní nǹkan kan. Tó bá fẹ́ kó gbọ́, á rán ọmọ sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kámẹ́rà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń fi fóònù ya ọmọ ọlọ́mọ ládùúgbò: bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ. Bó bá ní kí ẹ yọ ibi tó dùn jù, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá wá sí ohun tó kù, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Mo kọ̀wé sí àjọ náà, mo sọ ohun gbogbo. Ẹ gbọ́ èsì wọn. Wọ́n ní ó dun àwọn. Wọ́n ní ìrírí mi yóò wúlò, kí n jọ̀wọ́ wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ fíìmù ṣíṣe sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ogudu, lórí bí a ṣe ń dáàbò bo àwọn tó bá fi ìtàn wọn lé wa lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kó wá kọ́ ènìyàn ní ìyẹn.

Mo lọ. Ìbínú ló gbé mi lọ. Gbọ̀ngàn kún, Desmond jókòó ní iwájú. Mo gba máìkì, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ìlérí tí mo ṣe, mo sọ irọ́ tí mo pa pẹ̀lú òróró lórí mi. Mo sọ ti ọmọ tí wọ́n gbé lọ àti ti yìgì ọjọ́ Jímọ̀.

"Obìnrin yẹn ló san owó ẹ̀bùn yìí," mo ní. "Kò sí nínú gbọ̀ngàn yìí, torí wọn ò jẹ́ kó jáde nílé. Ẹ wá gba ẹ̀bùn yín, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo rò pé ó ti yé wọn. Mo rò pé ojú máa tì wá pọ̀, pé ẹnì kan máa dìde tí yóò ní, kí la lè ṣe fún obìnrin yìí lónìí?

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Omi wà lójú Desmond, ó ń mi orí, ó ń wí pé, "Powerful. Powerful." Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń yà mí.

Mo pariwo sínú máìkì pé, "Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Wọn kò gbọ́ mi. Àtẹ́wọ́ ti pọ̀ jù.